Ọmọ Àtìpó Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé-ìwé Ìjọba



Ọ̀kan nínú àwọn tó kéwú lọ́dọ̀ wa nígbà kan rí, tó ti di baba ọlọ́mọ mẹ́ta ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló pè wá lórí fóònù. Ó ní òun kó àwọn ọmọ òun lọ sí ilé-ìwé ìjọba tó wà ní àdúgbò àwọn láti forúkọ wọn sílẹ̀. Ó di gbogbo ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání, àti físà, àti gbogbo ìwé tí ìjọba ibẹ̀ fún un nígbà tó wọ ìlú. Ó jókòó, àyà rẹ̀ ń já. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé náà bèèrè ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Wọ́n bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n bèèrè ìwé owó iná, kí wọ́n lè mọ̀ pé àdúgbò yẹn ló ń gbé lóòótọ́. Wọn kò bèèrè físà. Wọn kò bèèrè ọ̀nà tó gbà wọ ìlú. Ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọn kò bèèrè? Ṣebí ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni ní gbogbo ibi nìyí?"

A dá a lóhùn pé, "Wọ́n ti bèèrè rí. Ní ìpínlẹ̀ tí o wà yẹn gan-an ni wọ́n ti bèèrè, ẹjọ́ ló sì dá a dúró." Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí, ó sì bẹ̀ wá pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ lè kà á. Ìdí nìyí tí a fi mú kálàmù.

Ilé-ìwé tí gbogbo ìlú ń dá owó rẹ̀

Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ tàbí ẹni tí ìjọ rẹ̀ bá ní ilé-ìwé lọmọ rẹ̀ ń kàwé dáadáa. Ní ọdún 1837, ìpínlẹ̀ Massachusetts dá ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Horace Mann ṣe akọ̀wé rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé kí gbogbo ìlú máa san owó orí, kí a fi kọ́ ilé-ìwé, kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ jókòó sórí àga kan náà láìsan kọ́bọ̀. Ní 1852, ìpínlẹ̀ yìí kan náà ṣòfin pé dandan ni kí òbí rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ń tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn gan-an ni àwọn àtìpó ń ya wọ ilẹ̀ náà bí omi, pàápàá láti Ireland àti Jámánì. Púpọ̀ nínú àwọn ará Ireland jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà. Ilé-ìwé tí wọ́n sì ní ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, Bíbélì ti àwọn tí kì í ṣe Àgùdà ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ní ìlú Philadelphia, ní 1842, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà, Francis Kenrick, kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ Àgùdà máa ka Bíbélì tiwọn. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ yìí ru ìlú sókè, wọ́n ní àlejò fẹ́ lé Bíbélì kúrò ní ilé-ìwé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1844, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro. Wọ́n dáná sun ilé àwọn ará Ireland, wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì St. Michael àti ti St. Augustine, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní oṣù keje, ìjà náà tún bẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn Àgùdà wá tẹra mọ́ kíkọ́ ilé-ìwé tiwọn. Ní 1884, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Baltimore pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ilé-ìwé.

Kí èyí má ṣe jọ yín lójú bí ìtàn òkèèrè. Àwọn baba wa ní Èkó mọ ìbẹ̀rù yìí. Nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé-ìwé wà, Mùsùlùmí tó bá rán ọmọ lọ ń bẹ̀rù pé Súlè lòun rán lọ, Samuel ni yóò padà wálé. Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni ìjọba ṣe dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896, òun náà ló sì bí ẹgbẹ́ bíi Ansar-Ud-Deen ní 1923. Baba tó jẹ́ ará Ireland ní Philadelphia àti baba tó jẹ́ Mùsùlùmí ní Èkó, ìbéèrè kan náà ló wà lọ́kàn wọn: bí ọmọ mi bá gba ìwé wọn, ṣé yóò ṣì jẹ́ ọmọ mi?

Mamie Tape àti ìyá rẹ̀

Ní ìlú San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California, kì í ṣe ìsìn ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, ìran tí a bí i sí ni. Àwọn ará Ṣáínà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù. Àwọn ni wọ́n fi agbára ṣe ojú irin tó gba inú òkè kọjá. Wọ́n ń san owó orí bí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n láti 1871 ni ìlú náà ti ti ilé-ìwé kan ṣoṣo tó ṣí fún ọmọ wọn pa.

Joseph Tape àti ìyàwó rẹ̀, Mary, ti wá láti Ṣáínà ní kékeré. Wọ́n gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì gbé ní àdúgbò àwọn ará Ṣáínà. Ní 1884, wọ́n mú ọmọbìnrin wọn, Mamie, ẹni ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, lọ sí ilé-ìwé Spring Valley. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Jennie Hurley, dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ òfin California ìgbà náà sọ pé ilé-ìwé ìjọba wà fún gbogbo ọmọ. Joseph Tape gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1885, adájọ́ dá a láre. Ní oṣù kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí ìdájọ́ yìí.

Ẹni tó bá rò pé ẹjọ́ ti parí kò mọ ènìyàn. Kíá ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin mìíràn, pé a lè kọ́ ilé-ìwé ọ̀tọ̀ fún ọmọ Ṣáínà, tí a bá sì ti kọ́ ọ, wọn kò gbọdọ̀ wọ òmíràn mọ́. Nígbà tí Mamie padà dé Spring Valley, wọ́n ní ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò pé, wọ́n tún ní kíláàsì ti kún. Kí wọ́n tó sọ èyí parí, ilé-ìwé ọ̀tọ̀ ti ṣí. Mary Tape fi ìbínú kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, ìwé ìròyìn ìlú sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ilé-ìwé ọ̀tọ̀ náà ni Mamie àti àbúrò rẹ̀ lọ.

Ní 1906, ìgbìmọ̀ kan náà ní kí àwọn ọmọ Jàpáánì, tí wọn kò ju 93 lọ ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba ìlú náà, kó lọ sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ yìí. Ìjọba Jàpáánì fárí gá, Ààrẹ Theodore Roosevelt fúnra rẹ̀ sì dá sí i. Ní 1907, wọ́n fagi lé àṣẹ náà, ṣùgbọ́n Jàpáánì gbà pé òun kò ní fún àwọn lébìrà rẹ̀ ní ìwé ìrìnnà lọ sí Amẹ́ríkà mọ́. Jàpáánì ṣẹ̀ṣẹ̀ borí Rọ́ṣíà lójú ogun nígbà náà, gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ Ṣáínà kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Àjèjì tí ilé rẹ̀ lágbára, wọ́n a máa fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Èyí tí kò ní alátìlẹ́yìn, àfi kóòtù.

Nígbà tí èdè di ẹ̀ṣẹ̀

Èyí tó kàn kì í ṣe ti ilé-ìwé ìjọba, ilé-ìwé ìjọ ni, ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ ilé-kéwú kò lè fò ó. Nígbà tí Amẹ́ríkà bá Jámánì jagun ní 1917, gbogbo ohun tó bá ti jọ Jámánì di ohun ìfura. Ní 1919, ìpínlẹ̀ Nebraska ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi èdè mìíràn kọ́ ọmọ, kì í báà ṣe ilé-ìwé ìjọba tàbí ti ìjọ, àfi Gẹ̀ẹ́sì, títí ọmọ náà yóò fi parí kíláàsì kẹjọ. Ní 1920, wọ́n mú olùkọ́ kan, Robert Meyer, pé ó ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan láti ka ìtàn inú Bíbélì ní èdè Jámánì. Wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 25 lé e. Kò san án, ó gbé ẹjọ́ náà lọ sókè. Ní 1923, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé olùkọ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ni, òbí sì ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n kọ́ ọmọ òun ní èdè tí òun fẹ́.

Lónìí, bí ọmọ Yorùbá bá lọ kéwú ní Houston tàbí ní Chicago lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá mú àfáà rẹ̀, kí ó rántí pé olùkọ́ èdè Jámánì kan ti kọ ìyà yẹn nítorí rẹ̀.

Àwọn Mendez àti òbí mẹ́rin mìíràn

Ní gúúsù California, àwọn tó ti Mẹ́síkò wá ló ń ká ọsàn ní oko olóko. Ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, ilé-ìwé méjì ni wọ́n ní: èyí tó dára fún àwọn aláwọ̀ funfun, èyí tí kò dára fún àwọn tí wọ́n ń pè ní ará Mẹ́síkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sí.

Gonzalo Mendez wá láti Mẹ́síkò, ìyàwó rẹ̀, Felicitas, wá láti Puerto Rico. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n yá oko kan lò ní Westminster lọ́wọ́ ìdílé Jàpáánì kan tí ìjọba ti kó lọ sí àgọ́ àhámọ́. Àǹtí àwọn ọmọ náà kó wọn pọ̀ mọ́ ọmọ tirẹ̀, ó kó gbogbo wọn lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé tó dára. Àwọn ọmọ tirẹ̀ pupa, orúkọ bàbá wọn kò sì jọ ti Mẹ́síkò. Wọ́n gba àwọn yẹn wọlé. Sylvia Mendez àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n dúdú díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sí ilé-ìwé kejì. Ọmọ ìyá àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ló jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn o! Àǹtí náà kó gbogbo wọn padà sílé, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún wọn.

Gonzalo Mendez àti bàbá mẹ́rin mìíràn pe ẹjọ́ ní 1945, nítorí nǹkan bí 5,000 ọmọ. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ní àwọn ọmọ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí àwọn fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 14 kan dìde, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara jẹ́rìí níwájú adájọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1946, Adájọ́ Paul McCormick dá àwọn òbí náà láre, kóòtù tó ga jù ú lọ sì fọwọ́ sí i ní 1947. Ní ọdún yẹn kan náà, Gómìnà Earl Warren fọwọ́ sí òfin tó fagi lé òfin ilé-ìwé ọ̀tọ̀ ní California, òfin tó dí ọ̀nà mọ́ Mamie Tape ní ọdún méjìlélọ́gọ́ta sẹ́yìn. Warren yìí náà ló di olórí adájọ́ Amẹ́ríkà, òun ló sì ka ìdájọ́ 1954 pé kí wọ́n má ṣe ya ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nílé-ìwé mọ́.

Tyler, ìlú òdòdó rósì

Ṣíṣí ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí gbígbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Ní San Francisco, nǹkan bí 1,800 ọmọ Ṣáínà ló jókòó ní kíláàsì ìjọba láìgbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1974, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Lau, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé fífún gbogbo ọmọ ní ìwé kan náà àti olùkọ́ kan náà kò túmọ̀ sí pé a ṣe wọ́n bákan náà, nígbà tí àwọn kan kò gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ wọn.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ dé Texas. Ní 1975, àwọn aṣòfin ibẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà kò ní náwó mọ́ lórí ọmọ tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, pé ilé-ìwé lè kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní Tyler, ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ oko òdòdó rósì, àwọn ará Mẹ́síkò wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alágbára níbẹ̀. Ní 1977, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé Tyler, tí James Plyler jẹ́ ọ̀gá fún, pàṣẹ pé ọmọ tí kò bá ní ìwé yóò san dọ́là 1,000 lọ́dún. Níbo ni lébìrà ti fẹ́ rí i, tó sì ní ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin?

Ìdílé mẹ́rin ló pe ẹjọ́, ọmọ mẹ́rìndínlógún ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí ó yẹ kó máa sá fún ọlọ́pàá, òun ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ kóòtù ìjọba lọ bá ìjọba ṣẹjọ́. Adájọ́ William Wayne Justice gbà kí wọ́n má ṣe lo orúkọ wọn gan-an, "Doe" ni wọ́n kọ sínú ìwé, bí ìgbà tí a bá ń pe ènìyàn ní Lágbájá. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ó fi ìjókòó sí, kí ojú má bàa pọ̀ lára wọn. Àwọn ìdílé náà di ẹrù wọn sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó wá, nítorí bí wọ́n bá mú wọn ní kóòtù, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti gbà lọ sí ẹnu ibodè. Síbẹ̀ wọ́n wá.

Adájọ́ náà dá wọn láre. Ẹjọ́ gòkè, ó pàdé irú rẹ̀ tó ti Houston wá, ìlú tí ọmọ kéwú wa ń gbé lónìí, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1982, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ̀rọ̀. Adájọ́ márùn-ún gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ náà, mẹ́rin kò gbà. Adájọ́ William Brennan ló kọ ìdájọ́. Ó ní Àtúnṣe Kẹrìnlá sí òfin ilẹ̀ náà ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí ilẹ̀, kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ó ní bí bàbá bá tilẹ̀ rú òfin wọ ìlú, ọmọ kò yan ibi tí wọ́n gbé òun wá, kò sì tọ́ kí a fi àìmọ̀wé jẹ ẹ́ níyà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kódà àwọn mẹ́rin tí kò gbà sọ pé kò bọ́gbọ́n mu láti fi ọmọ sílẹ̀ láìkàwé. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé iṣẹ́ aṣòfin ni láti tún un ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́.

Ìdájọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Plyler. Nítorí rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi bi ọmọ kéwú wa léèrè físà. Ṣùgbọ́n kí ó má sùn. Ní 1994, àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí òfin kan tí yóò lé ọmọ tí kò níwèé kúrò nílé-ìwé. Kóòtù ló dá a dúró. Ní 2011, ìpínlẹ̀ Alabama ní kí ilé-ìwé máa bèèrè ìwé ìgbélùú, ọ̀pọ̀ ọmọ sì pa ilé-ìwé jẹ nítorí ìbẹ̀rù kí kóòtù tó dá a dúró. Ní 2025 pàápàá, àwọn aṣòfin ní Tennessee gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ dìde. Ìdájọ́ tí ohùn kan ṣoṣo gbè lè yí padà.

Ohun tí ìtàn yìí bi àwa náà

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní Àlùkùránì mọ ọ̀rọ̀ tí adájọ́ náà sọ. Ó wà nínú ohun tí a ń kọ́ wọn pé olúkúlùkù ni yóò jíhìn iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, a kò ní fi ti bàbá bi ọmọ. A mọ̀ ọ́n lórí. A ń fi wàláà kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí a ṣe ṣe é.

Ní bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń po sìmẹ́ńtì níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ilé-kéwú wa. Ará Tógò ni, Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. Ìgbìmọ̀ wa ìgbà náà ti fẹnu kò pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, ọmọ ìlú sì ni onídùúró náà gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí àwọn kan ti kó ọmọ wọn lọ láìsan owó. Àwa la jókòó sídìí tábìlì. Àwa la sọ fún un. Ó ní òun yóò wá onídùúró lọ. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì lọ. Wọn kò padà wá.

Nígbà tó pẹ́, a wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, ọmọbìnrin kan tó ń ta omi sì kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, àfáà." Òun ni. A ra omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kún, a lọ.

Òwe wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A máa ń fi kìlọ̀ fún òbí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, òbí ti ṣe tirẹ̀, ó ti mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà. Àwa ni a kò kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ wà lókè òkun, nígbà tí ọmọ yín bá wọ kíláàsì láìsí ẹni tó bi í léèrè, ẹ rántí àwọn tó di ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ní Tyler ní aago mẹ́fà àárọ̀. Kí ẹ sì fún ọmọ náà ní èdè àti ìsìn rẹ̀ nílé, nítorí ilé-ìwé ìjọba kò ní bá yín ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń ṣe alámòójútó ilé-ìwé àti ilé-kéwú, ọmọ Tógò, ọmọ Ègùn, ọmọ Haúsá àti ọmọ Fúlàní wà ládùúgbò yín. Ẹ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín, kí ẹ wo orúkọ mélòó tiwọn ló wà níbẹ̀.

A ti fagi lé ọ̀rọ̀ onídùúró ní ilé-kéwú wa. Ẹni tó bá mú ọmọ wá, orúkọ ọmọ náà ni a ń kọ́kọ́ bèèrè. Ti ọmọbìnrin yẹn kò sí nínú ìwé wa, a kò sì rí i mọ́ ní gáréèjì láti ìgbà náà. Kí Ọlọ́hun ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún un, kí Ó sì forí jì wá. Àmín.